Kí Safurat Tó Rí Ẹnubodè Kétu

Ní àdúgbò Akpakpa, wọ́n máa ń sọ pé bí Safurat aránṣọ bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ rẹ̀, àfi kí aṣọ parí kó tó gbé e kúrò, ilé ì báà máa jó. Nígbà tí à ń wí yìí, tí Faransé ṣì ń pàṣẹ ní Dàhòmì, ohun tó gbé ẹsẹ̀ lé kì í ṣe aṣọ. Ó fẹ́ mú ìyá rẹ̀, Nimotallahi, lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè Kétu tí òkìkí rẹ̀ kàn, kí arúgbó náà tó fi ayé sílẹ̀. Ọmọdé ni ìyá náà nígbà tí ogun Àgbómẹ̀ kó o lẹ́rú gba ibẹ̀ jáde. Kò tíì padà láti ọjọ́ náà.

Ìyá kò sọ pé òun kò lọ. Ó kàn ní, “A kì í wọ ilé onílé láìmọ oríkì baálé. Bó o bá lọ bó o ṣe wà yìí, amọ̀ àti pákó lo máa rí. Lọ kọ́ ìtàn ibẹ̀ wá. Ọjọ́ tó bá pé lẹ́nu rẹ, a ó jọ lọ.”

Safurat ní kí ìyá kọ́ òun. Ìyá ní òun ti gbàgbé. Ẹni tó ti gbàgbé yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n sun àgbàdo nínú ilé. Bí alágbàdo sísun bá kiri dé ẹnu ọ̀nà, á ní kó gba ibòmíràn lọ. Àdúgbò ti gbà pé eyín ló ń dà á láàmú.

Safurat tọ ẹgbẹ́ ọmọ Kétu lọ. Wọ́n ní ẹnubodè náà gbọ́n débi pé ó ń mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí àlejò. Ó bi wọ́n pé báwo wá ni ogun ṣe wọlé. Adéògún, alága wọn, rántí pé ìpàdé ti parí.

“Kò pé,” ni ìyá wí nígbà tí Safurat ròyìn fún un.

Ó tún wádìí, ó gbọ́ nípa ìdótì, nípa ebi, àti bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ àlàáfíà tan àwọn ìjòyè jáde. Ìyá ní ó kù. Émilienne, aládùúgbò wọn, bi í bóyá ó fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé ẹ̀rí ni.

Ibẹ̀ ni Safurat ti wòye pé inú odi nìkan ni òun ti ń bèèrè. Bàbá àgbà Émilienne wà lára ọmọ ogun Àgbómẹ̀ tó dó ti Kétu. Gbogbo àdúgbò mọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́. Ó rán fìlà kan, ó gbé e tọ arúgbó náà lọ.

Bàbá fi èdè Fọ̀n bi í pé, “Kí lo fẹ́ kí n sọ tí kò ní dùn ọ́?”

“Bàbá, èyí tó máa dùn mí ni mo bá wá.”

Ó sọ ọ́. Nígbà tí ebi mú àwọn ará inú odi, àwọn olórí ogun Àgbómẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ogun sun àgbàdo sí ojú afẹ́fẹ́, kí òórùn rẹ̀ lè wọ ìlú. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Bàbá kò dé fìlà náà.

Nígbà tí Safurat délé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

“Ìyá, àgbàdo ni wọ́n sun.”

Ọwọ́ ìyá dúró lórí ẹ̀fọ́ tó ń já. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹni tó sun ún ni.”

Ìyá gbé ẹ̀fọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ọkọ̀ ojú irin Pọ̀bẹ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Kétu, ìgbà wo ló ń gbéra?”

Ní Kétu, ìyá wo ẹnubodè náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

“Ó kéré,” ó ní. “Ó tóbi jù báyìí lọ nígbà tí mo ń jáde.”

Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó sì gba ibẹ̀ wọlé.