Orúkọ Neide Nínú Fáìlì Aláwọ̀ Ewé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí Neide Kuroiwa ti ṣí ilẹ̀kùn láti máa lọ sí ibi iṣẹ́, ó bá fáìlì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n fi okùn gbé kọ́ sára ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan. Ajá Ọ̀gbẹ́ni Noguchi tó ń gbé ilé kejì nìkan ló ń wò ó láti inú ọgbà, bí ẹni tó ti ka ohun tó wà nínú fáìlì náà.

Ìwé mẹ́ta ló bá nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kọ àkọ́kọ́ kún fọ́fọ́, kò sì mọ ohun tí wọ́n kọ, àfi pé orúkọ rẹ̀ hàn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ya òjìji ènìyàn kan sórí ìkejì, ó dé fìlà, ó gbé àpò, wọ́n sì fi ìlà pupa méjì dábùú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ìkẹta ló wò pẹ́ jù lọ. Àpótí mẹ́sàn-án ni wọ́n fà sí i, orúkọ ìdílé kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ti gba òǹtẹ̀ pupa róbótó. Ìkarùn-ún ṣófo, orúkọ tó sì wà lórí rẹ̀ ni orúkọ kan ṣoṣo tí Neide lè kà ní gbogbo ilẹ̀ Japan, nítorí pé òun náà ló wà lára káàdì tó fi ń wọ ilé iṣẹ́. Orúkọ tirẹ̀ ni.

Ó rántí pé òun náà dé fìlà ní ọjọ́ tí òun kó dé àdúgbò yìí. Ó rántí pé òun gbé àpò.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1992 ni. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méje tí Neide ti ilẹ̀ Brazil dé láti wá máa de bóòtù mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Gunma. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ló ti Japan lọ ṣiṣẹ́ oko kọfí láyé àtijọ́. Ojú àti orúkọ ìdílé ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè tí ìyá-ìyá rẹ̀ fi ń bá adìyẹ wí. Ó lè sọ ọ́ díẹ̀, ó ń gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè kà á rárá. Ohun tó sì ń dùn ún nìyí. Bí òyìnbó onírun pupa bá ṣe àṣìṣe ní àdúgbò náà, àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fà á lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí Neide bá ṣe é, wọ́n á wo ojú rẹ̀ tó jọ tiwọn, wọ́n á dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo àbíìkọ́.

Àṣìṣe rẹ̀ kò sì kéré. Ní ọ̀sẹ̀ tó kó dé, ó wọ bàtà rìn tààrà dé àárín yàrá Ìyáàfin Horiuchi, olórí àdúgbò, níbi tó ti lọ kí wọn. Ìyẹn ò tíì tán nílẹ̀ tó fi gbé ọṣẹ àti kànìnkànìn wọ inú ibi ìwẹ̀ ńlá tí gbogbo àdúgbò ń jókòó sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀ mọ́ tán. Ìfófòó ọṣẹ ru bo omi náà. Àwọn ìyá àgbà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kàn dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹrí ba fún un, wọ́n jáde.

Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó wá Valdir lọ. Ọmọ ilẹ̀ Brazil bí i tirẹ̀ ni Valdir, ó ti lo ọdún méjì ààbọ̀ ní Japan, kò sì sí ìbéèrè tí kì í dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n Valdir, bí èèyàn bá rí ìwé tí orúkọ gbogbo ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ pupa sí i, kí nìyẹn?"

Valdir gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì. "Ta ni wọ́n gbé e fún?"

"Ẹnì kan ni."

"Ẹnì kan yẹn ti wọ gàù, ọmọ ìyá. Ṣé o ti gbọ́ kí àwọn èèyàn yìí pariwo mọ́ ẹ rí?"

"Rárá o."

"Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà ẹ́ lẹ́rù! Wọn kì í jà, ìwé ni wọ́n ń kọ. Wọ́n á gbé e láti ilé dé ilé, oníkálukú á tẹ òǹtẹ̀ pé, 'Èmi náà ò fẹ́ ẹ mọ́.' Ọjọ́ tí òǹtẹ̀ bá pé, onílé á rọra wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Á tún tẹrí ba fún ẹ."

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ rí i rí?"

"Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ mi kan, ó ń sun ẹran níwájú ilé. Ọ̀sẹ̀ kan, ó ti bọ́ síta." Valdir wò ó dáadáa. "Àbí ìwọ ni, Neide?"

"Èmi kẹ̀! Ẹnì kan ni mo wí."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Valdir kò lè ka ohunkóhun ju nọ́ńbà bọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣáájú ẹni dé ìlú ni í júwe ọ̀nà fún ni, ìbáà jẹ́ ọ̀nà igbó.

Neide kò jẹun mọ́. Dona Setsuko, ìyá rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ń bọ̀ ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti dá ilé tí ìyá náà ń gbé ní Brazil padà fún onílé. Yàrá méjì tí Neide háyà yìí nìkan ni ilé tó kù fún àwọn méjèèjì láyé. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ebihara, onílé, bá gba kọ́kọ́rọ́ kí Ọjọ́rú tó dé, níbo ni ìyá rẹ̀ yóò sùn nínú òtútù yìí?

Ibi ẹ̀rọ tó ti ń de bóòtù ni ọgbọ́n kan ti sọ sí i lọ́kàn. Òǹtẹ̀ mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀, márùn-ún ló kù. Bí fáìlì náà bá wà lọ́wọ́ òun, ta ni yóò rí i tẹ̀? Ìwé tí kò kúrò lójú kan kò lè pé. Bó ṣe délé báyìí, ó fi aṣọ wé fáìlì náà, ó tì í sínú ìkòkò ìrẹsì ńlá tó rà de ìyá rẹ̀, ó dé e, ó sì gbé òkúta lé ọmọrí.

Láti ọjọ́ yẹn, ó di ẹni tó ń yọ́ rìn lójúde ara rẹ̀. Ó pa rédíò, kò din aáyù sí ẹ̀wà dúdú mọ́, àfi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ebi mú un lóótọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí ni Ìyáàfin Horiuchi, obìnrin kúkúrú tó máa ń so épúrọ́ọ̀nù mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́, ti ká a mọ́.

"Kuroiwa-san! Ṣé fáìlì ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

Ọ̀wọ̀ ni "san" tí wọ́n ń fi kún orúkọ èèyàn, síbẹ̀ Neide fi àpò ìdọ̀tí bo àyà. "Ó ti dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìyẹn o, aago mẹ́wàá."

Ìyáàfin Horiuchi rẹ́rìn-ín, ó tẹrí ba. Neide náà tẹrí ba, ó sì gbé ìdọ̀tí rẹ̀ padà sílé láìmọ̀. Ọjọ́ Àìkú! Wọ́n tiẹ̀ ti dá ọjọ́. Ẹ̀rín tí obìnrin náà rín ló dẹ́rù bà á jù.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó fi ìka kan ṣí aṣọ fèrèsé díẹ̀. Gbọ̀ngán kékeré àdúgbò wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ní aago mẹ́wàá gééré, Ìyáàfin Horiuchi ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn dé, Neide sì kà wọ́n: mẹ́rin ni wọ́n pẹ̀lú Ìyáàfin Horiuchi, iye òǹtẹ̀ tó wà nínú ìwé gan-an! Wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Wọn kò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n ń wo fèrèsé rẹ̀. Ọ̀kan nawọ́ sí i. Àwọn yòókù mi orí. Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi jókòó bẹ́ẹ̀, Neide náà sì jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, kò gbọdọ̀ mira.

Aago méjìlá lu. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyáàfin Horiuchi yà sí ilé Ọ̀gbẹ́ni Ebihara. Nígbà tó jáde, onílé ń tẹ̀ lé e, kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

Neide fò dìde. Ó gbé òkúta kúrò, ó yọ fáìlì nínú ìkòkò, ó sáré wọ inú àlàfo ara ògiri tí wọ́n ń ká ibùsùn sí, ó wọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ó ká ara rẹ̀ kò láàárín tìmùtìmù, ó gbá fáìlì mọ́ àyà.

"Kuroiwa-san! Ṣé ẹ wà ńlé?"

Neide fa tìmùtìmù kan bo orí.

"Àbí wọ́n ti kú ni?" Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ebihara nìyẹn.

"Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́ jàre!"

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni. Ṣé ẹ rántí bàbá ìsàlẹ̀ ọ̀nà lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta ká tó mọ̀."

"Ẹ gbóòórùn ẹnu ọ̀nà yìí. Ṣé gáàsì kọ́?"

"Aáyù nìyẹn."

"Ebihara-san, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn ṣí. Nínú òkùnkùn, Neide gbọ́ bí wọ́n ti ń bọ́ bàtà ní méjì méjì, tí wọ́n ń tò wọ́n. Àní ẹni tó ń bọ̀ wá lé èèyàn jáde pàápàá ń bọ́ bàtà níbí, ó wí nínú ara rẹ̀, èmi tí mo kàn wá kí wọn kò bọ́ tèmi. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n wo ilé ìdáná, wọ́n wo balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn Ìyáàfin Horiuchi dún nítòsí gan-an.

"Èyí mà jọ okùn fáìlì wa."

Neide ti fi ilẹ̀kùn há okùn náà síta. Ó mọ̀ ọ́n lára tí okùn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fà á. Kò mọ ìgbà tí òun náà dì í mú. Wọ́n fà á síta, ó fà á sínú.

"Yéè! Nǹkan ń fà á nínú lọ́hùn-ún!"

Ọ̀gbẹ́ni Ebihara gbá ilẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ti Neide ló ròkè jù. Onílé jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́, ó dọwọ́ bo àyà.

Neide yí jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi," ni ó fi èdè ìyá-ìyá rẹ̀ wí. "Ìyá mi ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Bàtà yẹn, n ò mọ̀ ni. Ọṣẹ yẹn, n ò mọ̀ ni. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kó sun ọjọ́ méjì péré kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Ta ló fẹ́ lé yín?" Ìyáàfin Horiuchi bi í.

Neide na fáìlì sí i. "Mo rí orúkọ mi. Mo rí òǹtẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìwé kà."

Ìyáàfin Horiuchi jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú Neide, ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó sì kà á sókè, bí ìgbà tí èèyàn bá ń kàwé fún ọmọdé: "Inú wa dùn pé a ní aládùúgbò tuntun, Kuroiwa Neide-san, láti Brazil. Ní ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá, a ó pàdé ní gbọ̀ngán láti mu tíì pẹ̀lú wọn. Kuroiwa-san, àlejò wa lẹ jẹ́, ẹ má ṣe gbé ohunkóhun wá." Ó gbé ojú sókè. "Ìwé tó ń yí ilé ká ni. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ó tẹ òǹtẹ̀, ẹ ó gbé e fún ilé kejì. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwa mẹ́rin fi wá. Ilé mẹ́rin tó kù, wọn kò rí ìwé."

"Ẹni tí wọ́n fa ìlà pupa sí lára ńkọ́?"

"Olè ni. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní ká máa ti fèrèsé."

"Fìlà rẹ̀ jọ tiyín díẹ̀ o," ni Ọ̀gbẹ́ni Ebihara wí láti ilẹ̀.

"Ebihara-san!"

"Mo kàn sọ ọ́ ni."

Neide kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù kì í kúrò lára kíákíá bí ó ti ń wọlé. Wákàtí méjì ni wọ́n fi dúró de òun pẹ̀lú tíì. Ìkíni káàbọ̀ òun ni òun dì sínú ìkòkò ìrẹsì, tí òun gbé òkúta lé.

"A rí i tí aṣọ fèrèsé ń mì," ni Ìyáàfin Horiuchi wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo ní bóyá ẹ ń bínú, nítorí pé mo nu ilẹ̀ lójú yín lọ́jọ́ bàtà yẹn. N kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ìyá yín, ṣé wọ́n ń mu tíì?"

"Wọ́n ń mu ún. Wọ́n tún mọ̀ ọ́n kà. Gbogbo ìwé yìí, wọ́n lè kà á."

"Màá yí ọjọ́ inú ìwé náà padà sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá. Ẹ mú wọn wá. Ẹ tẹ òǹtẹ̀ yín, ẹ sì gbé fáìlì yìí fún Noguchi-san, kí ó lè yí dé ilé mẹ́rin tó kù."

Neide wá òǹtẹ̀ kékeré tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí, tó fi ń gba owó oṣù nílé iṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí karùn-ún. Ìyáàfin Horiuchi wò ó títí.

"Ẹ ti dorí orúkọ yín kodò," ni ó wí. "Kò burú. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ wo ibi tí wọ́n sàmì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Neide gbé fáìlì, ó jáde. Òjò winniwinni ti ń rọ̀. Ajá Ọ̀gbẹ́ni Noguchi dìde nínú ọgbà, ó ń kùn. Kò ní ṣe àṣìṣe lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ aago, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n dáadáa, ó sì dúró ṣánṣán.

Bàbá arúgbó Noguchi yọ orí. Ó wo fáìlì, ó wo obìnrin náà, ó wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù.

"Kuroiwa-san," ó rọra wí, "ìta lẹ ṣì wà o."