Ìgbìmọ̀ Fọwọ́ Sí Oògùn Ẹni Tó Ti Kú

Bàbá Oníná kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú ilé ìwòsàn tí òun fúnra rẹ̀ fi ọdún mọ́kàndínlógún tún iná rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn náà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún un lóògùn. Ẹ bá mi kí wọn kú iṣẹ́.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kó tó gbé àkàbà kalẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, á kọ́kọ́ kí àwọn aláìsàn: "Ẹ dijú díẹ̀, mo fẹ́ tan oòrùn." Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló ti ń pààrọ̀ gílóòbù nígbà tí àkàbà yẹ̀. Orí ló fi sọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀wé pé ẹsẹ̀ àkàbà yẹn ń mì. Wọ́n tọ́jú ìwé méjèèjì dáadáa.

Kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ń jókòó tì í lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ di ọwọ́ mi mú." Ó dì í mú. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kó tún un sọ. Ó tún dì í mú.

"Oògùn kan wà tó lè ran ọpọlọ tó fara pa lọ́wọ́ láti jí," dókítà sọ fún un. "Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn o, màmá. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká gbìyànjú ẹ̀ fún bàbá."

Oògùn náà wà nílé oògùn nísàlẹ̀. Àmọ́ àìsàn mìíràn ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, nítorí náà ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè fún un. Wọn ò rí ara wọn jókòó: alága ti rìnrìn àjò lọ kọ́ bí a ṣe ń tètè tọ́jú aláìsàn. Nígbà tó dé, ìyàwó lọ bá akọ̀wé wọn.

"Ẹ má bínú, màmá. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa wá fọwọ́ síwèé pé òun gbà."

"Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀?"

"Ó lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́."

"Ọ̀gá, bó bá lè rìn wá síbí, kí la tún fẹ́ fi oògùn ṣe?"

Akọ̀wé yẹ ìwé rẹ̀ wò. "Fọ́ọ̀mù ò sọ ìyẹn."

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, òtútù àyà pa á.

N kò sọ pé oògùn náà ì bá jí i dandan. Dókítà pàápàá ò sọ bẹ́ẹ̀. "Bóyá" ló sọ. Bóyá ì bá pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló fún wọn láṣẹ láti ti "bóyá" ìyàwó rẹ̀ mọ́ inú fáìlì? Ṣé báwọn náà bá forí sọlẹ̀ lọ́la, wọ́n á dúró de alága?

Orúkọ wọn ni mo ń béèrè, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ìdí tí olúkúlùkù fi dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú aránṣọ yẹn, nínú ilé rẹ̀, lórí ìdúró. Ìgbìmọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ jókòó lé e lórí.