Ẹ̀rọ Tí Kì í Béèrè Bàbá Ọmọ

Ní Ìjerò wa níbí, bí o bá kí àgbàlagbà, kò ní í tíì dáhùn tán tí yóò fi bi ọ́ pé, "Ọmọ isi ni ọ́?", ìyẹn ni pé ọmọ ta ni ọ́. Dárúkọ bàbá rẹ, ó parí. Wọ́n ti mọ ohun tí o lè ṣe, títí kan èyí tí o kò tíì ṣe rí.

Hàlímàt, ọmọ Ìpótì, ló ń kọ kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ní ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Bọ́láwálé tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́. Ètò orí kọ̀ǹpútà tí a ń ṣe ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ṣírò òògùn ọmọdé. Kí ìṣírò má baà ṣì, Hàlímàt kọ tẹ́ẹ̀sì tó ń dán an wò. Ó kọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú abala kóòdù kan tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, èyí tó pè ní bàbá, ó sì fi àmì tẹ́ẹ̀sì sí wọn lórí. Kíláàsì òògùn ibà àti ti ikọ́ wá jogún wọn. Àwọn kíláàsì ọmọ yìí kò gùn rárá, ṣùgbọ́n gbogbo tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀gá lọ ra ẹ̀rọ kan tó ń yẹ kóòdù wò. Ojú ìwé ọmọ nìkan ni ẹ̀rọ náà ń kà. Kò rí àmì tẹ́ẹ̀sì níbẹ̀, ló bá fi pupa kọ ọ́: "Aláìwúlò. Ẹ pa á rẹ́." Inú Ọ̀gá dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Òun tí kò lè ka kóòdù ti rí ẹni tí yóò bá a kà á. Ó pe Hàlímàt.

"Pa wọ́n rẹ́ kí n má rí pupa mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ìṣírò bá lọ fún ọmọ jòjòló ní òògùn àgbà, kí ni yóò ta wá lólobó?"

"Ẹ̀rọ kì í parọ́. Kí ni àwọn yẹn fi ọwọ́ ara wọn ṣe? Bí o kò bá lè pa wọ́n rẹ́, máa lọ sílé."

Ẹ̀rù ba Hàlímàt, nítorí iṣẹ́ ò sí nígboro. Ṣùgbọ́n inú bí i ju bí ẹ̀rù ti bà á lọ. Ó gbójú sókè wo fọ́tò bàbá Ọ̀gá lára ògiri: bàbá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó ra àga tí ọmọ rẹ̀ jókòó lé, tí àwọn oníbàárà ṣì ń kí kí wọ́n tó kí Ọ̀gá.

"Sà, bí ẹ̀rọ yìí bá wọ ọ́fíìsì yìí, tí kò béèrè ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, ta ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́?"

Ọ̀gá wo fọ́tò, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé a lè kọ́ ẹ̀rọ yìí kó máa béèrè bàbá?"

"A lè kọ́ ọ, sà."

Hàlímàt tún un tò kó máa gòkè lọ wo kíláàsì bàbá kó tó dájọ́ ọmọ. Pupa náà pòórá, àwọn tẹ́ẹ̀sì sì wà níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá ti gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀ gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó bá wo òun má baà ṣàìrí bàbá òun.