Orúkọ Dewitt Lórí Adágún Kinlock

Nígbà tí wọ́n sin Dewitt Tidmore tán, tí àwọn ará ìjọ ti wá kó abọ́ tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá padà, ohun tó kù sílẹ̀ fún Arvella, ìyàwó rẹ̀, kò pọ̀. Ilé pákó kan ni, létí adágún Kinlock, àti ọkọ̀ ojú omi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wà, àti fìlà kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ṣì ń rùn òógùn olówó orí rẹ̀. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ. Wọ́n ti sunkún ìyẹn nígbà tí ara wọn ṣì le, wọ́n sì ti jọ gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dewitt kú, ọ̀rọ̀ náà tún jí, ó wá jókòó ti Arvella nínú yàrá. Ta ni yóò máa pe orúkọ ọkùnrin yìí bí òun náà bá lọ?

Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi wú lọ́jọ́ tí Hoyt Brasher wá kan ilẹ̀kùn. Hoyt ni olórí ẹgbẹ́ apẹja ìlú. Òun àti Dewitt ti jọ ń ju ìwọ̀ látìgbà tí wọn kò tíì ní irùngbọ̀n. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ìyàwó wa, ẹgbẹ́ ti fẹnu kò. Ìdíje ẹja mímú wa yìí, orúkọ Dewitt la fẹ́ fi sọ ọ́. Ìdíje Ìrántí Dewitt Tidmore. Lọ́dọọdún."

"Bọ̀dá Hoyt, ẹ má tàn mí o."

"Ìgbà wo ni mo tàn ẹ́ rí? Àfi ọjọ́ tí mo sọ fún ẹ pé ọkọ ẹ mọ ijó jó."

Arvella rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Bí Hoyt ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló wá sọ ọ́ bí ẹni sọ nǹkan tí kò tó nǹkan: "A máa gbé e kúrò ní oṣù kẹwàá bọ́ sí oṣù kẹrin o. Ìgbà yẹn lẹja máa ń tóbi, àwọn ará òkèèrè á lè wá." Arvella ní kò burú. Orúkọ yẹn nìkan ni etí rẹ̀ gbọ́.

Ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ ni òun àti Dewitt ti pàdé. Arvella ń rán orí ìka ìbọ̀sẹ̀ pa, Dewitt ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹ̀rọ Arvella sì ń bàjẹ́ ju ti gbogbo obìnrin yòókù lọ. Nígbà tó yá, wọ́n kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí ilẹ̀ ibòmíràn, ìlú dá wáí. Adágún ló kù. Nínú adágún yẹn, báàsì lọba, ẹja ẹlẹ́nu gbàrágàdà tó ń bá ìwọ̀ jà bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀. Wọn kì í jẹ ẹ́. Ẹni bá se báàsì jẹ ní Kinlock, ojú olè ni wọ́n á fi máa wò ó. Wọn á mú un, wọn á sọ ọ́ sínú àgbá omi tó wà nínú ọkọ̀, wọn á gbé e wá sí èbúté ìlú láàyè, wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á dà á padà sómi. Bí ẹja ẹnìkan bá kú, wọn á yọ nínú ìwọ̀n rẹ̀. Dewitt ló jà fún òfin yẹn nígbà tí àwọn mìíràn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Arvella ló máa ń dúró nídìí agbada òṣùwọ̀n. Á kọ́kọ́ rẹ ọwọ́ méjèèjì sómi kó tó fọwọ́ kan ẹja kankan, nítorí ọwọ́ gbígbẹ máa ń bó ohun tó ń yọ̀ lára wọn, ìyẹn sì ni aṣọ wọn.

Ṣùgbọ́n tí òtútù bá ti lọ, tí igi bá ń rúwé, Dewitt kì í ju ìwọ̀ sí ọwọ́ omi, apá adágún tó ya wọ ilẹ̀, tó wà níwájú ilé wọn. Àwọn akọ báàsì ló máa ń wá síbẹ̀. Akọ á fi ìrù gbá ilẹ̀ omi títí yóò fi funfun, abo á wá yé ẹyin sí i, á bá tirẹ̀ lọ. Akọ ló máa dúró. Kò ní jẹun, kò ní kúrò, á máa fi ìrù fẹ́ ẹyin, á máa lé gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ọn títí àwọn ọmọ á fi lè dá lọ. Bí o bá ju ìwọ̀ síbẹ̀, yóò gbé e mì, kì í ṣe pé ebi ń pa á, ìwọ̀ ló dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Dewitt á dojú bolẹ̀ lórí afárá pákó tó na wọ inú omi níwájú ilé wọn, á máa wò wọ́n. "Arvella, wá wo bàbá àwọn ọmọ!" Bí ọkọ̀ àlejò bá yà wọlé, á pariwo: "Onílé ń bẹ nílé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá ibòmíràn lọ." Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì lọ.

Oṣù kẹrin dé. Wọ́n ta aṣọ gbàǹgbà sókè èbúté, orúkọ Dewitt gba ibẹ̀ kan. Arvella wọ aṣọ búlúù tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn, ó dúró nídìí agbada. Ẹja àkọ́kọ́ tó gbé sókè, ikùn rẹ̀ ti wọ inú, etí ìrù rẹ̀ sì ti họ, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó mọ irú ìrù bẹ́ẹ̀, ìrù akọ tó ń gbá ilẹ̀ omi fún ẹyin. Ó gbé èkejì, bákan náà ni. Bí àwọn abo tí ẹyin ṣì wà níkùn wọn ṣe ń dé náà ni àwọn baba yìí ń dé, èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ ọwọ́ sómi, ó ń gbé wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n dà gbogbo wọn sí, lẹ́bàá ìsédò, odi tí wọ́n fi sé omi adágún, tó jẹ́ pé apá kejì adágún pátápátá ni sí ibi tí wọ́n ti mú wọn. Ẹyọ kan kò kú. Hoyt gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu: "Ẹyọ kan ò kú! Bí Dewitt ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn!" Arvella náà pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì ó lọ dojú bolẹ̀ lórí afárá bí ọkọ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Àwọn ìtẹ́ náà ń bẹ nísàlẹ̀ omi, wọ́n rí róbótó, wọ́n funfun bí abọ́ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kéékèèké, tí àwọn ọmọdé máa ń fi ekòló mú, ti rọ́ síbẹ̀, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń ṣa ẹyin jẹ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ẹnu gbogbo èèyàn kún fún orúkọ Dewitt lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò rí àwọn ọmọ báàsì tó máa ń wọ́ dúdú bí ìkúukùu yí ẹsẹ̀ afárá ká. Ó ní bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, ọkọ̀ pọ̀ sí i, òun náà ló tún gbé ife ẹ̀yẹ lé ẹni tó yege lọ́wọ́, omi sì tún ṣófo nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ọmọ báàsì. Àwọn apẹja ìlú wá ń ráhùn pé báàsì kéékèèké ti wọ́n. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ni. Wọ́n ní àwọn oníná mànàmáná ló ń fa omi sílẹ̀ jù.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e, Arvella wọ bàtà, ó lọ sílé Hoyt. Wynelle, ìyàwó Hoyt, tó ní ilé oúnjẹ lẹ́bàá èbúté, ń din ẹja àrọ̀ lórí iná.

"Jókòó, Arvella. O ti rù jù. Ṣé afẹ́fẹ́ lò ń jẹ ni?"

"Mo ti jẹun. Bọ̀dá Hoyt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìdíje yìí padà sí oṣù kẹwàá."

Hoyt sọ ife kọfí kalẹ̀. "Kí ló dé?"

"Àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ lẹ̀ ń kó. Dewitt kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìyàwó wa, gbogbo wọn la dà padà. O wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹ la fi ń dà wọ́n."

"Ẹ dà wọ́n síbi tí wọn ò mọ̀. Kí wọ́n tó dé ilé, tí wọ́n bá tiẹ̀ dé é, ọmọ ti tán."

Wynelle yíjú kúrò nídìí iná, ṣíbí tó fi ń din ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dúró ná. Ṣé nítorí ẹyin ẹja lo ṣe fẹ́ kí n ti ilé oúnjẹ mi pa? Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń gbé wa dé ìparí ọdún. Ta ló máa wá síbí ní oṣù kẹwàá? Ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ?"

"Wynelle, rọra," ni Hoyt wí.

"Mi ò ní rọra. Ìlú yìí ti kú lẹ́ẹ̀kan lójú mi."

Arvella kò bá a jiyàn. Òótọ́ ni Wynelle sọ, òun náà ti rán ìbọ̀sẹ̀ nínú ìlú yẹn títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ pa. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. "Tó bá jẹ́ pé kò ṣeé gbé, ẹ yọ orúkọ ọkọ mi kúrò níbẹ̀."

Wynelle gbé páànù kúrò lórí iná.

"Arvella," Wynelle sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ẹ ò bímọ. Tí a bá yọ ọ́, ta ló tún máa rántí ẹ̀?"

"Mo ti rò ó débẹ̀." Ó dìde, ó sì dé ìborùn rẹ̀. "Ó sàn kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ ju kí wọ́n máa fi ṣe ohun tó kọ̀ lọ."

Ẹgbẹ́ dìbò. Oṣù kẹrin ló wọlé. Nígbà tó tó àkókò, orúkọ oníṣòwò kan tó ń ta ọkọ̀ ojú omi ló wà lára aṣọ gbàǹgbà náà. Ẹnikẹ́ni kò pe Arvella sí ìdí agbada. Nínú ìjọ, wọ́n ń kí i, wọ́n sì ń yára kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì nínú ọwọ́ omi. Ọkọ̀ kan dúró nítòsí afárá. Ọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ kún ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń ju ìwọ̀ sórí ìtẹ́ kan náà léraléra. Arvella sáré jáde, ìgbálẹ̀ onígi gígùn tó fi ń gbálẹ̀ ilé ìdáná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Onílé ń bẹ nílé o!"

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàárọ̀, Mà. Mi ò wọ ilẹ̀ yín o, orí omi ni mo wà."

"Kì í ṣe èmi. Ẹja yẹn ń ṣọ́ ọmọ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, fi í sílẹ̀."

Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ tẹ̀. Ẹja gbéra sókè nínú omi, ó gbọn orí, omi tú ká. Ó tóbi. Ọkùnrin náà fi àwọ̀n gbé e, inú rẹ̀ ń dùn bí inú ẹni tí wọ́n bímọ fún.

"Ju ú padà síbẹ̀. Níbẹ̀ yẹn gan-an."

"Mà, èyí ló máa jẹ́ kí n yege. Kò ní kú, ẹ má bẹ̀rù. Láàyè ni wọ́n máa dà á padà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi àgbàlagbà lọ́kàn balẹ̀. Ó sọ ẹja sínú àgbá, ó pa ìdérí dé, ó sì lọ.

Ìgbì ọkọ̀ náà kò tíì rọlẹ̀ tí àwọn ẹja pẹlẹbẹ fi ń yọ́ bọ̀. Arvella bọ́ sínú omi tòun ti síkẹ́ẹ̀tì. Omi òtútù náà gbà á ní itan. Ó dúró ti ìtẹ́ náà, ó ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn. Bó bá lé tọ̀tún, tòsì á wọlé. Bó bá yí, àwọn tọ̀tún á tún padà. Ó fi ìgbálẹ̀ lu omi, ó bú wọn, ó bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó yá, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì há ìtẹ́ náà mọ́ àárín, wọ́n sì ń gba abẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wọlé.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Hoyt dé. Ó ká aṣọ gbàǹgbà ti àtijọ́, èyí tó ní orúkọ Dewitt, mọ́ abẹ́ apá. Ó mú un wá fún Arvella ni. Ó rí i nínú omi.

"Arvella! Kí lò ń ṣe níbẹ̀? O fẹ́ gbẹ̀mí ara ẹ ni?"

Hoyt gbé aṣọ náà lé orí afárá, ó bọ́ bàtà, ó wọ inú omi pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni kan ló yege," Hoyt wí. "Ó ní níwájú ilé yín lòun ti mú un. Èmi ni mo dà á sómi." Ó nu imú rẹ̀. "Abẹ́ èbúté ló wọ̀. Mo wò ó pẹ́. Ó kàn ń yí po síbì kan, ó ń yí po, ó ń fi ìrù gbálẹ̀."

Ètè Arvella ti dúdú, ó ń gbọ̀n. Ó ṣì di igi ìgbálẹ̀ mú.

Hoyt tẹ̀ ba, ó wo ìsàlẹ̀ omi láàárín ẹsẹ̀ Arvella. "Ìyàwó wa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti tán."

"Jẹ́ ká máa lọ sínú ilé."

"Ẹ máa lọ, Bọ̀dá Hoyt. Mò ń bọ̀."

Hoyt kò lọ. Ó dúró tì í, omi dé itan àwọn méjèèjì.