Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Fi Ṣe Ọmọ Dáadáa

Mo rántí ìgbà tí mo padà dé ilé wa ní Ardwick lẹ́yìn ọdún kan gbáko ní Ìjẹ̀bú. Òórùn òjò lórí ọ̀dà títì ló kọ́kọ́ kí mi. Òjò Manchester kì í pariwo bíi ti Ìjẹ̀bú. Ó kàn máa ń rọ̀ wẹliwẹli títí aṣọ á fi tutù, ènìyàn kò sì ní mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí wọ́n rán mi lọ, nítorí ìjà tí mò ń jà ní ilé-ìwé àti ẹnu tí mò ń yọ sí bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé òkè òkun rí mọ àṣà náà: ọmọ tó bá ti fẹ́ le ju agbára òbí lọ, Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé e lọ, sí ilé-ìwé tí wọ́n ń sùn sí, kí wọ́n lè bá wọn tún un ṣe. Ọdún kan ni wọ́n pè é fún mi. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n wálé wá lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, inú ọkọ̀ òfurufú ni mo ti pinnu pé n kò ní padà. N kò fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ hùwà dáadáa débi pé wọn kò ní rí ìdí kankan tí wọ́n á fi dá mi padà.

Gbogbo ohun tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀ ló wá di ohun ìyanu. Omi gbígbóná ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láìsí pé ẹnì kankan dáná. Mo ṣí i, mo tì í, mo tún ṣí i. Síbẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ wẹ̀, korobá ni mo wá lọ sínú ilé ìdáná, n kò rántí pé ṣáwà wà lókè orí mi. Aago mẹ́sàn-án lù ní ìrọ̀lẹ́, ojú ọjọ́ ṣì mọ́ kedere, àwọn ọmọdé ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń mú mi kiri bí ẹni tó ń fi ìlú han àlejò. A ra ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n da fínígà kíkan lé, a jẹ ẹ́ látinú bébà lórí òkè bọ́ọ̀sì alájà méjì, níwájú pátápátá, a sì ń wo àwọn ilé bíríkì pupa tó fara ti ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin. Bí àwọn èrò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti gbàgbé pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Àbúrò mi bi mí, ní òyìnbó Manchester tó ń sọ, bóyá mo ti dé pátápátá nìyẹn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó máa wò mí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọmọ dáadáa nìyẹn. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jí, bẹ́ẹ̀ kò sí agogo kankan tó ń lù. Mo fọ abọ́, mo gbálẹ̀, mo gbá iwájú ilé dé ẹnu títì, títí ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi yọjú lójú fèrèsé tó bi mí bóyá wọ́n ń fìyà jẹ mí. Bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ dé láti pápákọ̀ òfurufú lọ́hùn-ún ní Wythenshawe, màá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó bọ́ bàtà. Ní Sọ́ńdè kan, mo pàdé alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un sínú omi òjò, ẹ̀wù funfun lọ́rùn mi. Ó fà mí dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Mo rò pé ọgbọ́n mi ti ń so èso.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìyá mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti jẹ́rìí. Ó ní, “Ẹ bá mi yin Jésù. Ọmọ tó ń bá daddy ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ last year nìyí o. One year péré, ẹ wò ó.” Wọ́n ní kí n jáde síwájú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì rò pé mo ti yege. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá bíi mẹ́rin yí ìyá mi ká. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Mummy, school wo lẹ mú u lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní number wọn.” Òmùgọ̀ ni mí, n kò tilẹ̀ fura.

Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. A wà nídìí oúnjẹ àárọ̀, àbúrò mi ń jẹ búrẹ́dì. Ìyá mi ní àwọn ti rò ó, pé ọbẹ̀ tó ń jinná lọ́wọ́, ẹnìkan kì í gbé e kúrò lórí iná. Ó ní Ìjẹ̀bú ni kí n ti parí ilé-ìwé. Ìwà tí mo fi ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dá mi padà gan-an ni wọ́n rí, tí wọ́n fi gbà pé ilé-ìwé náà ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi yíjú sí mi.

Ó ní, “Àbúrò ẹ náà ti ń yọ ẹnu sí wa. Mummy ẹ ní kẹ́ ẹ jọ lọ in September. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé wọ́n á tọ́jú ẹ̀? Sọ òótọ́ fún mi.”

Mo mọ òótọ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe na àwọn ọmọ tí kò tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí nítorí koríko tí wọn kò gé tán. Mo mọ bí gbogbo ilé àwọn ọmọkùnrin ṣe ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní táàmù àkọ́kọ́ títí mo fi dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, mo kàn ń díbọ́n ni, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á sì gbọ́. Ohun kan tún wà tó ṣòro fún mi láti sọ títí dòní: inú mi dùn díẹ̀ pé n kò ní dá wà níbẹ̀ mọ́.

Mo ní, “Yes sir. Ó dáa gan-an, sir. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀.”

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bàbá mi mi orí pé ó yé òun, ó gbé tíì rẹ̀. Àbúrò mi wò mí títí, kò sunkún, ó sì rọra gbé àwo rẹ̀ sínú sinki.

Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ní táàmù àkọ́kọ́, ó máa ń wá sídìí ọgbà tó pààlà sáàárín ilé àwọn ọmọbìnrin àti tiwa, á di wáyà mú, á máa wò mí títí agogo á fi lù. Lónìí, nọ́ọ̀sì ni ní Crumpsall, ní Manchester, ó ti bímọ, ó sì máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ilé-ìwé yẹn ló jẹ́ kí òun gbọ́n. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó mọṣẹ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń sùn sí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá mi tó ti darúgbó báyìí sọ ohun tí n kò gbọ́ rí lẹ́nu àgbà ilé wa. Ó di ọwọ́ àbúrò mi mú, ó ní, “Má bínú sí wa. A ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí.” Ìyá mi náà bẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi sunkún, ó ní ó ti tán, kí wọ́n má rò ó mọ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo kó àwo lọ sí ilé ìdáná, mo fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo nu wọ́n, mo tò wọ́n sípò wọn, kí n tó padà sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń sọ nígbà yẹn.

Àwọn tí kò mọ̀ ti bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo mọ̀, n kò tíì bẹ̀ ẹ́.