Òjòlá Ìyàwó Mi, Nígbà Tí Òjò Dá

Nílé bàbá ìyàwó mi ní Dahomey, wọn kì í pa òjòlá. Bí òjòlá bá yà sílé wọn, wọn á kí i bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ní Ọ̀yọ́ tèmi, igi là ń fi bá ejò sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìyàwó mi gbé òjòlá kékeré tí bàbá náà ń sìn wá bá mi ní Libreville, ní Gabon, nínú apẹ̀rẹ̀, èmi náà ni mo kan ilé fún un. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe bẹ̀rù ejò lọ.

Káfíńtà ni mí. Igi òkùmé tí wọ́n ń gé nínú igbó ibẹ̀ ni mo fi kan àpótí náà, mo fi wáyà nẹ́ẹ̀tì bo iwájú rẹ̀, mo sì pín inú rẹ̀ sí méjì bí ìyàwó mi ṣe ní kí n ṣe é. Apá kan gbọ́dọ̀ gbóná: fìtílà ń jó lábẹ́ ibẹ̀, páànù sì dábùú òkè rẹ̀ kí iná má baà ran igi. Apá kejì tutù díẹ̀, ibẹ̀ ni àwo omi àti ewé wà. Ejò náà fúnra rẹ̀ ni yóò yan ibi tó wù ú. Láràárọ̀, ìyàwó mi á kúnlẹ̀ síwájú àpótí, á ní, “Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Èmi ọkọ rẹ̀, kì í kúnlẹ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Òmìnira Gabon kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ó lóyún. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ni òun ti fẹ́ bímọ, mo sì gbà. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi.

“Ọkọ mi,” ó ní, “òun nìkan ló kù mí kù nínú ohun tí bàbá mi fọwọ́ kàn. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ooru pa á, ẹ má sì jẹ́ kí òtútù mú un.”

“Fi lé mi lọ́wọ́. Ta ló kan ilé ọ̀hún?”

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, òjò dá. Mo ní ẹ̀rùn dé. Ẹ̀rùn tí èmi sì mọ̀ láti kékeré, oòrùn tí ń ta èèyàn lórí ni, pẹ̀lú ooru tí kì í jẹ́ ká sùn. N kò tíì lo ọdún kan ní Libreville, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni. Mo gbé fìtílà kúrò. Mo gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, mo rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, mo fi bò ó. Láràárọ̀ ni mò ń wọ́n omi sí i. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé ẹ̀wù òtútù wà lọ́rùn èmi fúnra mi ní gbogbo àárọ̀ yẹn. Ojú ọ̀run ṣú, oòrùn kò yọjú, mo sì dúró gbọn-in pé ooru ń bọ̀.

Ejò náà kọ eku tí mo fún un. Ó ń gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, itọ́ ń hó létí ẹnu rẹ̀, èémí rẹ̀ sì ń dún. Mo ní òùngbẹ ni. Mo bu omi kún àwo rẹ̀. Iṣẹ́ ti dí mi lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn bẹ́ǹṣì tí èrò máa jókòó lé níbi àjọ̀dún òmìnira là ń kàn, n kò sì ráyè wò ó dáadáa.

Ìyá àgbà kan, ọmọ onílẹ̀, tí ilé wa jọ kọjú síra, ló bi mí ní Faransé pé kí ló dé tí mò ń fi òtútù pa ẹran mi. Mo ní ṣebí ẹ̀rùn la wà. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ìgbà tí òjò bá dá gan-an ni òtútù ń mú. Ó fọwọ́ kan àpò tútù náà, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo sáré gbé àpótí wọlé, mo tan fìtílà méjì. Igi òkùmé ti mu omi, ilẹ̀kùn àpótí kò ṣí mọ́; òòlù ni mo fi fọ́ ọ. Mo tú bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, mo gbé ejò náà lé àyà, mo fi aṣọ ìbora bo àwa méjèèjì. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi náà pè é ní bàbá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, kò mí mọ́, mo sì sunkún.

Àwọn ará ilé ìyàwó mi, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń wé òjòlá tó bá kú, wọn á sin ín bí èèyàn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ará àdúgbò ń tì mí. Àpò ìdọ̀họ yẹn ni mo fi wé e, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ìyàwó mi dé pé òun ti bí obìnrin. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ó bèèrè bàbá. Mo kọ̀wé padà pé ó wà dáadáa. Mo ń tan ara mi pé nítorí ọmọ tó ń mu ọmú ni mo ṣe purọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Oṣù kejìlá ni ó dé. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí ó fi kọjú sí ibi tí àpótí ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí fìtílà títí dé orí lẹ́tà.

“Kí lẹ fi wé e?”

“Àpò.”

Ó ní kí n fi ibẹ̀ han òun, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́, ọmọ ń ké lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì gbé ọmọ náà rí. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i.

Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì, èyí tó jìnnà sí mi. “Ẹ fi sílẹ̀,” ó ní. “Mo lè gbé e.”

Kò bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ náà rí, bí mo ṣe ń retí rẹ̀ tó. Ọdún mẹ́rin kọjá kí ó tó fi ọmọ yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kódà kó kàn lọ pọn omi.