Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Ráṣídà Kí Mi

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, Kwara ni Lokoja wa ṣì wà, wọn ò tíì dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba, àwọn ló sì ní ká má fi ìwé dìbò mọ́, kí olúkúlùkù lọ tò sẹ́yìn àwòrán ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n ka orí. Ìwọ tó ò ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Bí a ṣe ń tò gba omi nídìí ẹ̀rọ la ṣe tò yan káńsílọ̀.

Kámẹ́rà ló gbé mi débẹ̀. Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò. Nígbà tó ra kámẹ́rà fídíò bọ̀ láti Kano, ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà á, ó wúwo bí ọmọ ewúrẹ́. Èmi tí mo ti ru agbọ̀n ẹja láti kékeré, mo ní kó gbé e kọ́ mi léjìká. Bí mo ṣe di Ìyá Fídíò nìyẹn, èmi tí mi ò mọ ìwé kankan.

Ọkọ mi a máa pariwo mọ́ àwọn ènìyàn pé, "Ẹ dúró! Ẹ rẹ́rìn-ín!" Wọ́n á sì le gbagidi bí òpó iná. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ya ìyàwó níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ tábìlì, kí n ya àna níbi tó ti ń ti ẹran bọ àpò. Mo bá fi puláásítà bo iná pupa kékeré tó wà níwájú kámẹ́rà, kí ẹnikẹ́ni má mọ ìgbà tó ń ṣiṣẹ́. Mo sì ní òfin kan: bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, n kì í la ẹnu, nítorí ohùn ẹni tó gbé e dání ló máa ń bo ti gbogbo ayé mọ́lẹ̀.

Èbúté ni ìjà wa. Ibẹ̀ ni àwa obìnrin ti ń gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, ibẹ̀ la ti ń yan án. Kọ̀ntirátọ̀ kan tó ń du ipò káńsílọ̀ ní bí òun bá wọlé, òun á mọ odi yí i ká, òun á kó sìmẹ́ǹtì òun síbẹ̀. Tíṣà tó ń bá a du ipò náà ní kò sẹ́ni tó máa lé wa. Bí Tíṣà bá já, oúnjẹ wa ti já nìyẹn.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń wá ẹni tó máa ṣọ́ ìbò fún Tíṣà, mo ní èmi rèé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Fídíò, kí lẹ máa fi kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí?"

"Akọ̀wé, ìwọ tó o mọ̀wé, àpótí ìbò tó sọnù lójú ẹ lọ́jọ́sí ńkọ́?"

Ó bá kọ orúkọ mi sílẹ̀.

Ọgbà ilé ìwé kan la ti dìbò. Ọyẹ́ mú gan-an. Mo dúró sí igun kíláàsì. Láti ibẹ̀, mo ń rí ìlà ti kọ̀ntirátọ̀ láti orí dé ìdí, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sẹ́yìn ìlà, iwájú mi ló máa gbà. Mo tẹ kámẹ́rà, mo pa ẹnu mi mọ́.

Ìyá Ráṣídà aláṣọ dé. Ọmọ Ìlọrin ni, ìdílé wọn ti pẹ́ ní Lokoja ju àwa tá a wá láti ọ̀nà Kàbà lọ. Ó kúnlẹ̀. "Ìyá Fídíò, ẹ kú ọyẹ́ o." N ò dáhùn. Ó wọ ìlà, ẹni tó ń ka orí fọwọ́ kàn án: "Mẹ́rìnlá!"

Kò pẹ́, ó gba ẹ̀yìn kíláàsì yọ sí mi. Ó tún kúnlẹ̀. "Ìyá Fídíò, ẹ kú ìdúró o." Ó bọ́ sẹ́yìn ìlà. "Mọ́kànlélógójì!"

Nígbà kẹta, ó ti pààrọ̀ gèlè. "Ẹ kú oòrùn o, Ìyá Fídíò." "Mẹ́tàdínláàádọ́rin!"

Ó lè jí ìbò, ṣùgbọ́n kò lè rí àgbà lẹ́nu iṣẹ́ kó kọjá láìkí i. Wọ́n kọ́ ọ nílé.

Ènìyàn méjì péré ni wọ́n fi jù wá. Bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀, a ò ju òkò. Ẹnì kan gbé tẹlifíṣọ̀n rù, ọkọ mi gbé ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, ó ju ogójì obìnrin tó wọ́ lọ sí ọ́fíìsì elétò ìdìbò. A jókòó dí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá ibẹ̀ yọjú. "Ẹ̀yin ìyá, ṣé sinimá lẹ gbé wá ni?"

Aláta kan dá a lóhùn pé, "Sinimá ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀."

A tan án, iná lọ. Iná dé, a tan án, iná tún lọ. Kó tó di pé iná dúró, gbogbo àdúgbò ti pé, títí kan kọ̀ntirátọ̀ àti Ìyá Ráṣídà tí wọ́n ti ń jó bọ̀. Bí àwòrán ṣe yọ, Ìyá Ráṣídà figbe ta.

"Yéè! Ṣé bí mo ṣe sanra tó nìyí?"

Ọ̀gá yíjú sí i. "Ìyá, ẹ̀yin nìyẹn?"

Kọ̀ntirátọ̀ fò dìde. "Òun kọ́! Ẹ ò rí i pé gèlè yàtọ̀ ni?"

Inú bí Ìyá Ráṣídà. "Èmi kọ́ bí i ti báwo? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kí obìnrin yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kúnlẹ̀, kò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan! Ẹ bá mi bi í, kí ni mo ṣe fún un?"

Ọ̀gá fi fáìlì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún ìbò náà dì. Ẹni tí wọ́n bá ti kà, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Tíṣà wọlé.

Kí la jẹ? A jẹ èbúté. Àwọn ṣọ́jà padà wá lé gbogbo káńsílọ̀ lọ, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kọ̀ntirátọ̀ ti rí ibòmíràn gbà. Kí la pàdánù? Èmi pàdánù Ìyá Ráṣídà. Ìlú sọ ọ́ ní Ẹlẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ lórin, kò sì kí mi mọ́ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Gbèsè kan ṣì wà lọ́rùn mi. Kí kásẹ́ẹ̀tì yẹn tó tán, mo yí kámẹ́rà sí ìlà tiwa díẹ̀. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ọ́fíìsì, bó ṣe kù díẹ̀ kó débẹ̀, mo pa ẹ̀rọ, mo ní ó ti tán. Ìyàwó ilé ni mí, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tó wà níbẹ̀, òun náà ló ń dá orin Ẹlẹ́ẹ̀mẹta fún wa bí a ṣe ń lọ sílé.

Ìyá ọkọ mi ni. Kọ ọ́ síbẹ̀. Òun náà yípo lẹ́ẹ̀mejì, kò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.